Ọjọ́ Tí Ẹ Gé Àgbàdo Ni Ẹ Bọ́ Ẹran

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ń sin ewúrẹ́ àti àgbò ní Orhuwhorun àti káàkiri ilẹ̀ Udu ní ìpínlẹ̀ Delta, mo rí i pé ọ̀pọ̀ nínú yín ti ya ilẹ̀ díẹ̀ sọ́tọ̀ fún àgbàdo tí ẹran yóò jẹ, inú mi sì dùn sí i. Nígbà tí ẹ bá ń sọ̀rọ̀ oko náà, irú àgbàdo tí ẹ rà lẹ ń sọ, iye tí ẹ ra ajílẹ̀ lẹ ń sọ, owó alágbàṣe lẹ ń sọ. N kì í gbọ́ kí ẹ sọ ọjọ́ tí ẹ fẹ́ gé e. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ọjọ́ ìgé ló ń sọ bóyá oúnjẹ lẹ kó wálé tàbí igi ìdáná. Òun ni mo fẹ́ bá yín sọ lónìí.

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ ẹran kò ṣeé fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú mọ́. Ní ọjọ́ 11 oṣù Karùn-ún ọdún 2021, àwọn gómìnà ìpínlẹ̀ gúúsù pàdé ní Asaba, wọ́n sì fẹnu kò pé kí dída ẹran jẹ̀ ní gbangba dópin. Kí ọdún náà tó parí, ìpínlẹ̀ Delta ti sọ ọ́ di òfin. Ẹran tí a so mọ́lẹ̀, ọwọ́ ẹni tó so ó ló ń wò.

Orhuwhorun kì í ṣe Ṣakí

Nínú àwọn ìdílé Yorùbá tó wà níhìn-ín, àwọn kan wà tó jẹ́ pé iṣẹ́ ilé-iṣẹ́ irin Delta Steel, tí wọ́n ṣí ní Ovwian-Aladja lọ́dún 1982, ló gbé bàbá wọn dé. Ìmọ̀ ẹran sísìn tí wọ́n gbé wá láti ilé ni wọ́n fi lé àwọn ọmọ lọ́wọ́. Ìmọ̀ náà dára níbi tí wọ́n ti kó o wá. Ní Òkè-Ògùn, láti Ìsẹ́yìn dé Ṣakí dé Kíṣì, ẹ̀ẹ̀rùn a máa gùn tó oṣù mẹ́rin tàbí márùn-ún. Àgbẹ̀ ibẹ̀ lè kórè ọkà bàbà, kó to pòròpórò rẹ̀ jọ sórí pẹpẹ tàbí sí àárín ẹ̀ka igi, kí oòrùn àti ọyẹ́ bá a gbẹ ẹ́. Kò ní bu.

Ibi tí a wà yìí, omi òjò ọdún kan lé ní 2,500 mìlímítà. Láti oṣù Kẹta ló ti ń rọ̀ dé oṣù Kọkànlá, bó bá sì di oṣù Keje, ọjọ́ tí kò rọ̀ ló ń yani lẹ́nu. Ẹ sá pòròpórò síta lásìkò yẹn, kó tó di ọjọ́ kẹta ó ti dúdú, ó ti ń rùn, ewúrẹ́ á gbóòórùn rẹ̀, á sì yí imú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Nítorí náà, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọ̀nà Ṣakí kọ́ yín níṣẹ́ ní Udu. Iṣẹ́ tiwa ni kí a tọ́jú àgbàdo ní tútù, kí afẹ́fẹ́ má kàn án. Òun ni àwọn onímọ̀ ń pè ní sáíléèjì. Ẹni tó bá ti rí ìyá rẹ̀ níbi tó ti ń rẹ ògì mọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́: irú kòkòrò àìfojúrí tó ń mú ògì kan náà ló ń jẹ ṣúgà inú pòròpórò tó fi ń kan, kíkan yẹn ni kò sì jẹ́ kó jẹrà. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé omi ló ń gba ògì lọ́wọ́ afẹ́fẹ́. Ti àgbàdo, àfi kí ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ dáadáa, kí ẹ sì fi ọ̀rá dì í pa.

Gbígbìn

Ìgbà méjì ni kí ẹ máa gbìn lọ́dún. Ti àkọ́kọ́, láti àárín oṣù Kẹta sí oṣù Kẹrin, bí òjò bá ti fìdí múlẹ̀. Ti èkejì, láti oṣù Kẹjọ sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹsàn-án. Ti èkejì yìí ni ti ẹran gan-an, nítorí pé nínú oṣù Kọkànlá ló máa ń tó gé, tí òjò ti ń dín kù, tí ẹsẹ̀ kì í rì nínú oko mọ́. Ohun tí ẹ bá dì nígbà náà ni ẹran yóò jẹ ní ẹ̀ẹ̀rùn títí koríko tuntun yóò fi yọ. Ẹ wá ibi tó ga díẹ̀. Omíyalé ọdún 2012 àti ti 2022 ti fi han gbogbo ìpínlẹ̀ yìí pé oṣù Kẹsàn-án àti Kẹwàá ni odò ń kún àkúnya. Bí ilẹ̀ yín bá sún mọ́ àbàtà, ẹ kọ ebè. Ilẹ̀ tí epo rọ̀bì bá ti tú sí, ẹ má gbin oúnjẹ ẹran síbẹ̀ rárá.

Ẹni tó ń gbin àgbàdo fún hóró a máa fi sẹ̀ǹtímítà 75 sáàárín poro kan sí èkejì, a sì fi 25 sáàárín igi kan sí èkejì. Ìyẹn tó nǹkan bí 53,000 igi lórí hẹ́kítà kan. Fún ẹran, ẹ lè sún un mọ́ra dé 20, yóò wá súnmọ́ 67,000. Ẹ má sún un ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bó bá pọ̀jù, igi á tẹ́ẹ́rẹ́, ìjì á wó o, kò sì ní yọmọ dáadáa. Ọmọ àgbàdo yẹn ni agbára oúnjẹ náà wà. Ewé nìkan kò tó.

Ilẹ̀ apá ibí jẹ́ ilẹ̀ kíkan, òjò sì ń ṣan ajílẹ̀ lọ. Ẹ da ìgbẹ́ adìẹ tó ti jẹrà dáadáa sí i kí ẹ tó gbìn. Ẹ pín yúríà sí ọ̀nà méjì, ọ̀sẹ̀ kẹta àti ọ̀sẹ̀ kẹfà, kí ẹ sì fi erùpẹ̀ bò ó. Bó bá ti ku díẹ̀ kí ẹ gé e, ẹ má fún un ní yúríà mọ́: yóò kó ohun tí wọ́n ń pè ní nitrate jọ sí ìsàlẹ̀ igi, ìyẹn kì í sì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ ẹran gbé atẹ́gùn bó ṣe yẹ.

Ní ti irúgbìn, àwọn kan yóò sọ fún yín pé kí ẹ fi owó gọbọi ra àgbàdo tí prótéènì rẹ̀ pójú owó, irú èyí tí ilé-iṣẹ́ ìwádìí IAR&T ní Moor Plantation, Ìbàdàn, ti mú jáde. Àgbàdo náà dára fún ọmọ ènìyàn, fún adìẹ, fún ẹlẹ́dẹ̀. Ewúrẹ́ ní tirẹ̀ ní ikùn ńlá, èyí tí a ń jẹ bíi ṣàkì. Àwọn kòkòrò àìfojúrí inú rẹ̀ á kọ́kọ́ tú prótéènì náà ká, wọ́n á tún un tò fúnra wọn. Owó tí ẹ bá san lé e, ewúrẹ́ kò mọ̀ ọ́n. Ohun tí ẹ máa bi olùtajà ni pé: ṣé ó ga, ṣé ewé rẹ̀ pọ̀, ṣé ewé náà ṣì máa ń tutù nígbà tí ọmọ rẹ̀ bá ti ń gbó, ṣé àrùn streak kì í mú un? Iṣẹ́ ńlá tí ilé-iṣẹ́ ìwádìí IITA ní Ìbàdàn ṣe lórí àrùn yìí ló jẹ́ kí àgbàdo tí kò gbà fún un pọ̀ lọ́jà.

Àgbàdo kan, ọjà méjì

Ti àkọ́kọ́ ọdún, ẹ má dì í tọmọtọmọ. Nínú oṣù Kẹfà, àwọn tó ń se àgbàdo àti àwọn tó ń yan án lẹ́bàá títì ní Warri ń wá ọmọ tútù lójú méjèèjì. Ẹ tà á fún wọn. Nǹkan bí ọjọ́ 70 sí 80 lẹ́yìn gbígbìn ni ọmọ náà tó ká, ewé ṣì tutù, ṣúgà ṣì wà nínú igi. Èèyàn á wá gba owó ọmọ, á yíjú kúrò, á fi igi sílẹ̀ nínú oko fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó tó rántí ewúrẹ́. Nígbà yẹn, ewé ìsàlẹ̀ ti gbẹ, igi ti le, ṣúgà ti lọ. Ọjọ́ tí ẹ bá ká ọmọ, ọjọ́ náà ni kí ẹ gé ìyá rẹ̀.

Wàhálà kan ṣoṣo tó wà nínú rẹ̀ ni pé omi rẹ̀ pọ̀jù: ó lé ní ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin. Bí ẹ bá dì í bẹ́ẹ̀, omi á máa ro jáde, á sì máa rùn. Ẹ tẹ́ ẹ sábẹ́ òrùlé kó rọ fún ọjọ́ kan, tàbí kí ẹ po èèpo gbágùúdá gbígbẹ mọ́ ọn, kílò 5 sí 10 fún kílò 100 pòròpórò tí ẹ gé wẹ́wẹ́. Èèpo náà á fa omi, á sì dá díẹ̀ padà nínú agbára tó bá ọmọ àgbàdo lọ sọ́jà. Èèpo gbágùúdá kò wọ́n nílẹ̀ yìí, ibi gbogbo ni wọ́n ti ń yan gàrí. Àwọn onímọ̀ ILRI ní Ìbàdàn pàápàá ti fi hàn pé bí a bá rin ín, tí a fún omi rẹ̀, tí a sì sá a gbẹ, oúnjẹ ẹran tó ṣeé tà ni.

Bí ẹ ó ṣe mọ ọjọ́ náà

Ti oṣù Kọkànlá, tọmọtọmọ ni kí ẹ gé e, ojú sì ni ẹ ó fi mọ ọjọ́ rẹ̀. Ẹ wọ àárín oko, ẹ má dúró létí ọ̀nà. Ẹ ká ọmọ kan, ẹ bó o, ẹ ṣẹ́ ẹ sí méjì, ẹ wo ẹ̀gbẹ́ hóró tó wà lójú ibi tí ẹ ti ṣẹ́ ẹ. Ẹ ó rí ìlà kan tó pín hóró náà. Lápá òde, ó ti le, àwọ̀ rẹ̀ ti gún. Lápá ibi tó ti so mọ́ kùùkù, wàrà ṣì wà nínú rẹ̀, èékánná ṣì lè wọlé. Bí ìlà náà bá ṣì wà nítòsí òde, ẹ padà sílé. Bó bá ti dé ìdajì hóró títí dé ìdá méjì nínú mẹ́ta, ẹ pọ́n àdá, ọjọ́ ti pé. Nígbà náà, nínú kílò 100 tí ẹ bá gé, omi inú rẹ̀ kò ní ju kílò 65 sí 70 lọ. Bí ẹ kò bá rí ìlà kankan mọ́, ti ewúrẹ́ ti kọjá. Ẹ jẹ́ kó gbẹ, kí ẹ fi hóró rẹ̀ bọ́ adìẹ.

Ẹ lọ wò ó lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ bó bá ti ń súnmọ́, nítorí ọ̀sẹ̀ kan péré lè gbé e kọjá. Ẹni tó bá ń dúró de ọjọ́ tí alágbàṣe ráyè ti fi oúnjẹ ẹran rẹ̀ sọ́wọ́ alágbàṣe.

Dídì í

Ẹ gé igi ní nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 15 sí 20 sókè ilẹ̀. Ìsàlẹ̀ yẹn ló le jù, òun náà ni erùpẹ̀ ń ta sí nígbà tí òjò bá ń rọ̀. Ẹ gé e wẹ́wẹ́, kí ègé kan má gùn ju èékánná àtàǹpàkò lọ. Ègé gígùn kì í ṣeé tẹ̀ mọ́ra, afẹ́fẹ́ á sá pamọ́ sáàárín rẹ̀; ewúrẹ́ á sì tún máa ṣa ewé jẹ, á fi igi sílẹ̀. Ẹni tí agbára rẹ̀ bá ká ẹ̀rọ kó rà á. Ẹni tí kò bá ká a, kí ẹ dáwó jọ ra ọ̀kan, kí ẹ máa yí i ká láàárín ara yín.

Lẹ́yìn náà, ẹ bu ẹ̀kúnwọ́ kan, ẹ fún un mọ́ àtẹ́lẹwọ́ títí ẹ ó fi ka oókan dé ọgbọ̀n, kí ẹ wá la ọwọ́. Bí omi bá ń ṣàn gba àárín ìka, ó tutù jù. Bó bá tú ká lẹ́ẹ̀kan náà, ó gbẹ jù. Bó bá di mọ́ra, tó wá ń rọra tú, tí àtẹ́lẹwọ́ kàn rin díẹ̀, ó ti dé ojú ẹ̀.

Ẹ wá tẹ́ ọ̀rá méjì sínú ara wọn, ọ̀rá tó nípọn, kí ẹ fi àpò ìrẹsì ṣe ẹ̀wù fún wọn. Ẹ da ègé náà sí i díẹ̀díẹ̀, ẹ fi ìkúùkù àti orúnkún tẹ̀ ẹ́ títí kò fi ní wọlẹ̀ mọ́, kí ẹ tó da òmíràn lé e. Ẹ fún afẹ́fẹ́ tó kù lókè jáde, ẹ lọ́ ọrùn ọ̀rá inú, ẹ so ó. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún ti òde. Ohun tí ẹ bá ti gé wẹ́wẹ́ láàárọ̀ kò gbọdọ̀ sùn láìdì. Ẹ kó o sórí pákó lábẹ́ òrùlé, ẹ sì bá eku jagun: ihò kan tó tó orí abẹ́rẹ́ lè ba odidi àpò jẹ́. Ó kéré tán, ọjọ́ 21 ni kí ẹ fi sílẹ̀ kí ẹ tó ṣí i. Bó bá pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ó tún dára sí i.

Ẹ ó bi mí pé kí ló dé tí n kò ní kí ẹ lo dúrọ́ọ̀mù ńlá. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ewúrẹ́ tó wọn kílò 20 máa ń jẹ nǹkan bí kílò 0.6 lóòjọ́ bí a bá yọ omi kúrò nínú oúnjẹ rẹ̀. Nínú sáíléèjì, ìyẹn tó kílò méjì. Bí ẹ bá ní ewúrẹ́ mẹ́wàá, tí sáíléèjì jẹ́ ìdajì oúnjẹ wọn, kílò 10 ni wọ́n á jẹ lọ́jọ́ kan. Dúrọ́ọ̀mù lítà 200 tí ẹ bá tẹ̀ dáadáa lè gba kílò 100 sí 120, ọjọ́ mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni wọ́n á fi jẹ ẹ́. Nínú ooru Warri, sáíléèjì tí ẹ ti ṣí ti ń gbóná, ó ti ń bu, nígbà tó bá di ọjọ́ kẹta. Ṣùgbọ́n àpò kílò 25, ọjọ́ méjì ààbọ̀ ló tán. Fún ọgọ́ta ọjọ́, àpò 24 ló máa tó yín. Ẹni tó bá ní ogójì ewúrẹ́ ló lè máa ronú dúrọ́ọ̀mù.

Ṣíṣí i, àti ohun tí kò sí nínú rẹ̀

Èyí tó dára, àwọ̀ rẹ̀ jẹ́ ewéko tó pọ́n díẹ̀, òórùn rẹ̀ kan, kò sì gúnni nímú. Bó bá pọ́n rẹ́súrẹ́sú tó ń rùn bí ṣúgà tó jóná, afẹ́fẹ́ ti wọ̀ ọ́, ó ti gbóná jù. Bó bá ń yọ̀ tó sì ń rùn, omi ti pọ̀jù. Bí ẹ bá rí èébu, ìbáà jẹ́ funfun, ìbáà jẹ́ dúdú, ẹ dà á nù. Ẹ má gbọ̀n ọ́n kí ẹ wá fún ẹran. Nínú sáíléèjì tí erùpẹ̀ wọ̀ tó sì bàjẹ́ ni kòkòrò àrùn Listeria ti ń rí ilé: aboyún ewúrẹ́ á ṣẹ́nú, òmíràn á máa yí po lójú kan títí á fi ṣubú. Bí ẹ bá rí èyí, ẹ ké sí dókítà ẹran lọ́jọ́ náà gan-an. Kí ẹ tó máa fún wọn ní ẹ̀kún rẹ́rẹ́, ẹ fi nǹkan bí ọjọ́ mẹ́wàá mú un mọ́ wọn lára díẹ̀díẹ̀.

Ẹyẹ kò lè fi apá kan fò. Sáíléèjì àgbàdo tọmọtọmọ ní agbára, ṣùgbọ́n prótéènì rẹ̀ kò ju nǹkan bí ìdá 7 sí 8 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Ti pòròpórò tí ẹ ti ká ọmọ rẹ̀ tún kéré sí i. Bí prótéènì oúnjẹ ẹran bá sì ti wá sísàlẹ̀ 7, àwọn kòkòrò inú ṣàkì kò ní lè ṣiṣẹ́ dáadáa mọ́, ẹran á jẹun yó, á sì máa rù. Ẹ gbin gliricidia, igi tí àwọn ará wa ń pè ní agúnmaníyè, yí oko yín ká bí ọgbà. Prótéènì inú ewé rẹ̀ lé ní 20. Ní nǹkan bí ogójì ọdún sẹ́yìn, ilé-iṣẹ́ ìwádìí ILCA ní Ìbàdàn ti ń gbìn ín sáàárín poro ọ̀gbìn fún ewúrẹ́ àti àgùntàn ilẹ̀ wa. Ẹ gé e, ẹ jẹ́ kó rọ, ẹ fún wọn ní ìwọ̀n kan sí mẹ́ta sáíléèjì. Omi mímọ́ àti iyọ̀ kò gbọdọ̀ wọ́n wọn.

Ọkà bàbà, kòkòrò àti èébu

Bí ẹ bá fẹ́ dán ọkà bàbà wò, kò burú. Bí ẹ bá gé e, kùkùté rẹ̀ á tún hù, ẹ ó sì tún gé e. Ẹ kàn mọ̀ pé májèlé inú gbágùúdá tí ìyá yín ń fi rírẹ àti yíyan gàrí lé lọ wà nínú ọkà bàbà kékeré náà. Ọ̀mùnú tí kò tíì ga tó sẹ̀ǹtímítà 60, tàbí èyí tí ọ̀dá bá ṣe tó wá ṣẹ̀ṣẹ̀ rú lẹ́yìn òjò, ẹ má jẹ́ kí ewúrẹ́ fẹnu kàn án. Láàárín wákàtí kan, ó lè ti kú. Jéró ní tirẹ̀, ẹ fi sílẹ̀ fún ará òkè ọya. Òjò ibí kò ní jẹ́ kí orí rẹ̀ gbó re.

Láti 2016 tí wọ́n ti rí kòkòrò fall armyworm ní Nàìjíríà, oko àgbàdo tó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kò pọ̀. Ẹ wọ oko láàárọ̀, lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, láti ìgbà tí àgbàdo bá ti hù. Ẹ la ọ̀mùnú àárín ewé wò: bí ẹ bá rí ohun tó dà bí ìyẹ̀fun pákó, ó wà níbẹ̀. Bí ẹ bá fọ́n oògùn, ẹ ka ara ìgò rẹ̀ dáadáa. Iye ọjọ́ tó kọ pé kí ẹ dúró kí ẹ tó kórè, ẹ dúró pé. Oògùn tó bá wọ ewé ń wọ wàrà, ó sì ń wọ ẹran. Hóró tó bu kò sì yẹ fún ẹran, bí kò ṣe yẹ fún ènìyàn. Májèlé aflatoxin inú rẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́.

Ẹ má bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú hẹ́kítà. Lọ́dún yìí, ẹ di àpò mẹ́wàá péré. Kí ẹ fi báírò kọ ọjọ́ tí ẹ gbìn ín, ọjọ́ tí ẹ gé e, àti ibi tí ìlà hóró dé sára àpò kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá ṣí i, ẹ kọ bó ṣe rùn, bí ewúrẹ́ ṣe jẹ ẹ́ àti ohun tó ṣẹ́kù sínú ọpọ́n. Ẹ wọn ewúrẹ́ yín lóṣooṣù. Lọ́dún tó ń bọ̀, àkọsílẹ̀ yẹn ni kẹ́ ẹ gbé wá bá mi, kì í ṣe ìròyìn bí oko yín ṣe tóbi tó. Àpò mẹ́wàá tí ẹ gé lọ́jọ́ rẹ̀ yóò fi owó sápò yín ju hẹ́kítà kan tó gbẹ mọ́ yín lójú lọ.